Káàdì Kò Mọ Ẹni Tó Sọ̀rọ̀

Ọmọ mọ́kàndínláàádọ́fà ni wọ́n sọ pé mo fi kálàmù bí.

Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1964, ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà. Àwàdà ni ó fi ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Dókítà Adéṣọlá, ọ̀gá wa, jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọ́n tẹ́ ìwé kan síwájú wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni Ògúntúndé, ọmọ mélòó ni ẹ kọ fún agbo ilé Olúgbádé?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún, sà."

"Mélòó ni a bá níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?"

"Igba ó lé mẹ́sàn-án, sà."

"Àwọn yòókù dà?"

Mo ń wo àpótí yìnyín tí ó wà lẹ́bàá ògiri. Omi ti ń jò lábẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wa kò lọ́jú pọ̀. A ní láti mọ àwọn ọmọdé tí ó wà ní àwọn agbo ilé àti abúlé láti Agbowó lọ sẹ́yìn, kí á lè gbé abẹ́rẹ́ tí ń dènà ikọ́ burúkú lọ bá wọn. Oògùn náà kì í fẹ́ ooru. Bí ó bá ti kúrò nínú yìnyín di ọjọ́ kejì, ó ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ mọ iye ọmọ kí á tó gbéra. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ìrìn àjò wa àkọ́kọ́, a gbé oògùn ọmọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún lọ sí agbo ilé Olúgbádé lẹ́yìn Agbowó. Èyí tó ṣẹ́kù bàjẹ́. Ní ọjọ́ kan náà, àwọn abiyamọ ní Baṣọ̀run pọn ọmọ wọn padà sílé láìgba abẹ́rẹ́, nítorí oògùn tí a gbé lọ síbẹ̀ kò tó.

Ìkànìyàn ọdún tó kọjá ṣì wà lẹ́nu gbogbo ayé nígbà náà. Ìlú kan á ní àwọn pọ̀, ìlú kejì á ní irọ́ ni. Kò sí ẹ̀sùn tó tètè lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára bíi pé ó dá ọmọ ènìyàn sórí ìwé.

"N kò fẹ́ dá ẹjọ́ ní ìkánjú," ni Dókítà wí. "Títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá lè sọ ibi tí àwọn ọmọ yẹn wà, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ má padà wá síbí mọ́ ní ọjọ́ Ajé."

Mo kí wọn, mo jáde. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ìwé mi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n ti fi okùn dì wọ́n ní ìdì mẹ́ta. Bébà títà ni wọ́n dà. Àyàndìran tí ó máa ń ra bébà fún àwọn ẹlẹ́pà ní Ṣàngó yóò wá kó wọn, ní ọjọ́ Ẹtì náà.

Mo ní láti sọ bí mo ṣe kọ àwọn ìwé náà, kí ẹ lè mọ ohun tí ó wà nínú ìdì yẹn.

Ilé ìwé ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ, ní Dugbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ti ibi iṣẹ́ mi ní Ring Road rìn dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1958, òjò bá mi lọ́nà, ó sì ba ìwé ìtàn mi jẹ́ pátápátá. Ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo yá ìwé ẹnìkejì mi, mo sì tún gbogbo rẹ̀ dà kọ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà n kì í fi ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ ṣeré.

Nígbà tí wọ́n fi mí sí iṣẹ́ ọmọ kíkọ, ní agbo ilé àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan pé ọmọ mélòó ni ó bí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni o bá mi rọbí ni?" Èmi ni mo ṣìwà hù. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo padà sílé, mo rò ó, mo sì wá ọ̀nà mìíràn. N kò béèrè iye mọ́. Mo ń sọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé yìí fún mi, ẹ yọ tiyín sílẹ̀." Ẹnu wọn yóò sì là. Ọmọ ẹlòmíràn kò ṣòro láti sọ̀rọ̀ rẹ̀: èyí olè ẹran ni, èyí máa ń tọ̀ sílé, èyí mọ ìwé bí ẹni pé wọ́n fi bọ́ ọ. Èmi a máa kọ gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, orúkọ ẹni tó ń sọ ọ́ lókè. Bí ìwé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe kún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìwé tí ó kún bẹ́ẹ̀ ní ìyọnu tirẹ̀. Bí Dókítà bá béèrè pé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà mélòó ni ó wà láti Agbowó dé Baṣọ̀run, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni mo fi ń ṣí ìwé kí n tó dáhùn.

Ní oṣù kejì ọdún 1964 ni Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó sì mú káàdì dé. Káàdì líle ni, ihò kéékèèké yí etí rẹ̀ ká. Ihò kan dúró fún ọkùnrin, òmíràn fún obìnrin, àwọn kan fún ọjọ́ orí, àwọn kan fún agbo ilé. Ọmọ kan, káàdì kan. Bí ọmọ bá jẹ́ obìnrin, a ó fi sísọ́ọ̀sì gé etí ihò obìnrin kí ó já síta. Bí a bá wá fẹ́ àwọn obìnrin, a ó to káàdì jọ, a ó ki abẹ́rẹ́ gígùn kan, irú èyí tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà, bọ inú ihò náà, a ó gbé e sókè, a ó mì í. Àwọn tí etí ihò wọn ti já á sì máa bọ́ sílẹ̀ bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Ohun tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni.

N kò ní purọ́, ó wù mí. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn mo béèrè pé kí ó tún un ṣe kí n rí i.

"Bàbá Ìwé," ni ó wí fún mi, nítorí orúkọ tó sọ mí nìyẹn, "ìwé yín dà bí ẹni tó ń ròyìn ọjà. Kí ènìyàn tó gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ata, á ti gbọ́ ìtàn ìdílé aláta."

Òun àti Rónkẹ́, ọ̀dọ́bìnrin tó ń tẹ táípù fún wa, ni wọ́n fi oṣù márùn-ún da ìwé mi sórí káàdì. Orúkọ tó bá farahàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé kan, wọ́n sọ ọ́ di káàdì kan. Orúkọ tó bá yàtọ̀, ó gba káàdì tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo rí káàdì kan lórí tábìlì Rónkẹ́: *Ìbàdíàrán, obìnrin, ọdún mẹ́sàn-án, Olúgbádé, ilé kẹrin.* Ọkàn mi dúró díẹ̀ lórí orúkọ yẹn. Àwọn tó ń ṣe káàdì kàwé jù mí lọ. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo jẹ̀bi rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé.

"Ẹ fẹ́ ìwé yín padà," ni ó wí kí n tó jókòó.

"Mo fẹ́ ẹ, sà. Mo sì fẹ́ káàdì pẹ̀lú. Àti abẹ́rẹ́."

Ó gbé ojú sókè. "Mo rò pé ẹ ó máa fi káàdì mi ṣépè."

"Bí mo bá fi ìwé nìkan wá ọmọ mọ́kàndínláàádọ́fà, Kérésì á bá mi lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá sì fi káàdì nìkan wá wọn, ẹ kò ní rí wọn láé, torí lójú káàdì, kò sí èyí tó sọnù."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó na abẹ́rẹ́ sí mi. "Ẹ má fi gún ara yín."

Rónkẹ́ ti tú ìdì ìwé sílẹ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bọ̀dá Ògúntúndé, ọwọ́ èmi ni mo fi gé káàdì wọ̀nyẹn. Ẹ kò ní nìkan ṣe é."

A kó káàdì agbo ilé Olúgbádé jọ, mo sì ṣa ìwé kẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá, nítorí mo rántí pé láti ọjọ́ kẹta dé ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni mo wà ní agbo ilé yẹn, àti pé ibà mú mi ní ọjọ́ kejìlá. Mo ní kí Rónkẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú àwọn obìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án ní ilé kẹrin wá. Káàdì mẹ́ta bọ́ sílẹ̀.

Rónkẹ́ kà wọ́n. "Túnráyọ̀. Ìbàdíàrán. Ẹléyinjú."

Mo ṣí ìwé kọkànlá, mo kà á sókè. "*Ràfátù, ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ni ó sọ èyí. Ìbàdíàrán ni ó ń bá mi pọn omi. Ó fẹ́ràn ẹ̀wà, ó kórìíra ẹ̀fọ́. Ehín iwájú rẹ̀ kan yọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó jù ú sórí òrùlé. Ìyá rẹ̀ ni ó ń ta òwú.*"

Mo ṣí ojú ewé mẹ́fà síwájú. "*Yéjídé, ìyáálé, ni ó sọ èyí. Túnráyọ̀ ọmọ olówùú kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ehín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó ti fi omi pípọn pẹ̀lú ìyàwó tuntun ṣe iṣẹ́ ṣe.*"

Rónkẹ́ fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀. "Yéè! Ọmọ kan náà ni!"

"Ọmọ kan náà ni."

"Ìyàwó kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀." Ó fi ọwọ́ lu itan. "Bọ̀dá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò pe orúkọ mi rí láti ọdún méje sẹ́yìn! Ẹléyinjú ni èmi náà ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo wá jókòó síbí, mo ń gé káàdì fún Ẹléyinjú, kò sì wá sí mi lọ́kàn!"

Kò lè wá sí i lọ́kàn. Gbogbo wa la mọ àṣà náà láti inú oyún. Ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé mi, orúkọ Ràfátù wà lókè, ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ kò sí ihò fún ẹni tó sọ̀rọ̀ lára káàdì. Nígbà tí wọ́n gé orúkọ ọmọ kúrò lẹ́nu ìyàwó tí wọ́n sì gbé e sórí káàdì, ìnagijẹ di ènìyàn, ọmọ kan sì di méjì, òmíràn di mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó wà nílé. Bí ẹ bá wò ó, Ẹléyinjú kẹta yẹn náà, Túnráyọ̀ ni. Ìyàwó mìíràn ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

A ṣiṣẹ́ náà ní ọjọ́ mẹ́ta. Rónkẹ́ á fi abẹ́rẹ́ mú káàdì mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún tó jọra wá, èmi á wá ọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé. Àpá ẹsẹ̀ kan, ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun, ọmọ tí ajá gé jẹ ní ọjọ́ ọdún iléyá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ti padà sí ara ẹni tó ni wọ́n. Ó ku mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn bá ìyá wọn lọ sí oko kòkó, ìyáálé ti sọ fún mi nínú ìwé kejìlá pé wọn kì í sí nílé ní àsìkò ìkórè. Méjì tó kù, èmi ni mo ṣe é. Ọjọ́ kejìlá, ọjọ́ ibà, mo kọ ọmọ méjì kan náà sí ojú ewé méjì, mo sì kọ orúkọ wọn ní àkọtì.

"Ẹ fi méjì yẹn sílẹ̀," ni Rónkẹ́ wí. "Ta ni yóò wá wọn?"

"Èmi ti wá wọn," ni mo wí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ìwé tí a kọ àbájáde wa sí síwájú Dókítà Adéṣọlá. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n nà án sí Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé.

"Ehín," ni Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé wí. "Àpá. Ajá. Bàbá Ìwé, ìtàn dídùn nìyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kọ́."

"Agbowó kò jìnnà, sà," ni mo dáhùn.

Dókítà mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ràfátù ń fọ aṣọ lójúde nígbà tí a wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí wa pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Yéjídé, ìyáálé, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì.

"Ìyàwó," ni Dókítà wí, "ta ni ń jẹ́ Ìbàdíàrán nínú ilé yìí?"

"Ọkọ mi ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé wò mí. Ràfátù kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi ohùn orin pè é. "Ìbàdíàrán o! Ọkọ mi, ẹ wá, àlejò ń béèrè yín!"

Ọmọbìnrin kan sáré dé, ìyẹ̀fun gàrí yí ẹnu rẹ̀ ká. Ehín iwájú rẹ̀ kan ṣì kúrú ju èkejì lọ.

"Kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an?" ni Dókítà béèrè.

Ràfátù fi ọwọ́ bo ẹnu. "Háà, sà. Ilé ni mo bá wọn. Ṣé kí àwọn ènìyàn máa sọ pé wọn kò kọ́ mi nílé wa ni?"

"Má dá wọn lóhùn o, ìyàwó!" Yéjídé ti gbé atẹ ìrẹsì sílẹ̀. "Ẹ̀yin alákọ̀wé, ọ̀ràn wo lẹ fẹ́ fà mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn? Túnráyọ̀ ni. Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀, kò sí bí n kò ṣe lè pè é."

Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé nawọ́ sí ọmọkùnrin kan tó jókòó sórí ọlọ. "Èyí ńkọ́?"

"Akọ̀wé," ni Ràfátù wí.

"Ọmọ́níyì," ni Yéjídé wí.

"Èyí tó ń fà yín lẹ́sẹ̀ yìí?"

Ràfátù gbé ọmọ ọdún kan àbọ̀ náà sápá, ojú rẹ̀ sì là. "Gbémisọ́lá ni! Èyí bá mi nílé ní tirẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Gbémisọ́lá, Gbémisọ́lá, mo lè pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé ti ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò, ó ń wo àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yéjídé dìde.

"Ẹ ò rí wọn! Wọ́n ń fi ìka ka ọmọ wa! Ọmọkùnrin, ká ọwọ́ rẹ kò kí n tó wá bá ọ ká a!"

Kíá ni ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Mi ò rí Dókítà kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ọkọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Bódìjà, Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé yíjú sí mi. Ó wá sọ pé, "Ìyàwó mi ń pe àbúrò mi tó wà ní ilé ìwé ní Bàbá Challenge, nítorí ibẹ̀ ni ó ń gbé. Bí ẹ bá kọ ọ́ sórí káàdì fún mi, n bá ti wá arúgbó kan lọ."

Àyàndìran wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, àpò ìdọ̀họ lórí rẹ̀.

"Mo dé fún bébà, sà."

"Kò sí bébà títà níbí," ni Dókítà dáhùn.

"Háà, sà! Àwọn ẹlẹ́pà mi ńkọ́?"

"Kí wọ́n máa fi ewé dì í."

Nígbà tí a jókòó, Dókítà bi mí ohun tí ó yẹ kí á ṣe. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí, ṣùgbọ́n mo ti múra èsì náà sílẹ̀ láti Ọjọ́rú.

"Kí á máa lo káàdì, sà. Ohun tí a ń béèrè lójoojúmọ́ ni kí á gé ihò fún: ọkùnrin àbí obìnrin, ọjọ́ orí, agbo ilé. Kí á fi ihò kan kún un fún ẹni tó sọ̀rọ̀, bóyá ó bá ọmọ nílé ni, tàbí ọmọ ló bá a. Ìyókù, kí ó wà nínú ìwé bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kí á sì kọ nọ́ńbà ìwé àti ojú ewé sí igun káàdì kọ̀ọ̀kan."

"Ìdajì ìṣẹ́jú lórí káàdì kan," ni Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé wí. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà káàdì. Àádọ́ta wákàtí nìyẹn, Bàbá Ìwé."

"Àádọ́ta wákàtí ni, sà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí a kò bá ṣe é, ìgbàkígbà tí káàdì bá ṣe wá ní kàyéfì ni a ó máa fi ọjọ́ mẹ́ta wá ìdí rẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé mú abẹ́rẹ́ náà láti orí tábìlì, ó sì fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a kó ìwé sí, lórí ìwé kọkànlá.

"Ẹ jókòó ti Rónkẹ́ ní ọjọ́ Ajé," ni Dókítà wí fún mi. "Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ máa bójú tó káàdì àti ìwé láti ìsinsìnyí lọ."

Ní ọjọ́ Ajé mo dé ọ́fíìsì ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo kó káàdì Ìbàdíàrán àti ti Ẹléyinjú kúrò nínú àpótí. Igun káàdì Túnráyọ̀ ni mo kọ ọ́ sí pẹ̀lú yíǹkì dúdú: *Ìwé 11, ojú ewé 34 àti 40.* Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kejìlá, àwọn tó lọ sí oko kòkó ti dé, a sì tún padà lọ sí agbo ilé Olúgbádé fún abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Oògùn ọmọ igba ó lé mẹ́tàlá ni mo ní kí wọ́n kó sínú yìnyín. Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n fi díẹ̀ kún un nítorí àìmọ̀. Mo ní kí wọ́n má fi kún un.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Rónkẹ́ da omi yìnyín nù sí ẹsẹ̀ igi máńgòrò, ó sì dojú àpótí dé kí ó gbẹ. Kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀.